Ẹ Má Da Ooru Yín Nù

Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń sè sódàbì, àti fún gbogbo ẹni tí ń fi owó ra igi ìdáná

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kékeré kan bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan wà ní abúlé kan. Sódàbì ni ó ń sè. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn ilé ni ó ti ń ṣẹ́ igi. Nígbà tí ó yá, igi ẹ̀yìn ilé tán. Ó wá ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ oko. Igi ẹ̀gbẹ́ oko náà tán. Lónìí, ó ń fi owó ra igi lọ́wọ́ àwọn tí ń kó o wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá ta sódàbì tán, tí ó yọ owó ẹmu, tí ó yọ owó igi, èrè tí ó kù kò tó nǹkan.

Ní ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ kan tí ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ní: «Ìyá, ẹ kú ìdáná o.»

Ìyá náà dáhùn: «Ọ́ọ̀, ọmọ mi. Ẹ káàbọ̀.»

Òṣìṣẹ́ náà wo àgbá omi tí páìpù gbà kọjá. Ó ní: «Ìyá, omi inú àgbá yìí ti gbóná. Kí ni ẹ ń fi ṣe?»

«Kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi? Bí ó bá ti gbóná jù, mo ń dà á nù ni. Mo ń pọn tútù rọ́pò rẹ̀. Bí omi bá gbóná, sódàbì kì í sọ̀ dáadáa.»

«Ìyá, ta ni ó mú kí omi náà gbóná? Ẹ kò ṣáà dáná sí abẹ́ rẹ̀.»

Ìyá náà wo abẹ́ àgbá omi. Kò sí iná níbẹ̀. Ó wo ààrò tí àgbá ẹmu wà lórí rẹ̀. Igi ń jó níbẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́, ó ní:

«Yéè! Igi mi ni! Igi tí mo fi owó rà ni mo ń dà sínú koríko láti ọjọ́ yìí!»

Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó mọ bí ooru igi ṣe ń dé inú omi tí a ń dà nù. A ó mọ bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń mú irú ooru bẹ́ẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, a ó rí ohun tí àwa náà lè ṣe ní abúlé.

1. KÍ NI OORU Ń ṢE NÍNÚ ÌKÒKÒ?

Ẹ dán èyí wò ní ilé. Ẹ da omi lítà 1 sínú ìkòkò kékeré. Ẹ gbé e ka iná. Ẹ wo aago. Ẹ jẹ́ kí iná náà máa jó bákan náà, kí ó má pọ̀ sí i, kí ó má sì dín kù.

Ká sọ pé ó gba ìṣẹ́jú 10 kí omi náà tó hó. Ẹ má gbé e kúrò. Ẹ jẹ́ kí ó máa hó títí yóò fi gbẹ. Ẹ ó rí i pé ìṣẹ́jú 10 mìíràn kò lè gbẹ ẹ́. Yóò tó wákàtí 1, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ìdí rẹ̀? Láti mú omi hó kò le púpọ̀. Láti sọ omi tí ń hó di èéfín ni ó ń jẹ igi.

Ẹ jẹ́ kí a ya èéfín méjì sọ́tọ̀ o. Èyí tí ń ti inú igi jáde, tí ń ta wá lójú, èéfín iná ni. Èyí tí ń ti ẹnu ìkòkò jáde, omi ni. Omi náà ni ó ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ó ń fò lọ sókè. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pè é ní èéfín omi. Bí ó bá ti inú ẹmu jáde, a ó máa pè é ní èéfín ọtí.

Àwọn onímọ̀ ń fi dígírì wọn bí nǹkan ṣe gbóná tó. Ẹ ti rí ohun tí nọ́ọ̀sì ń fi sí abápá ọmọ ní ilé ìwòsàn. Dígírì ni ó ń kà. Ara ẹni tí kò ní ibà máa ń wà ní nǹkan bí dígírì 37. Omi tí kò sí lórí iná ní ilẹ̀ wa lè wà ní nǹkan bí 30. Omi tí ń hó wà ní 100.

Bí omi bá ti dé 100, kì í gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ nínú ìkòkò wa. Bí ẹ bá tilẹ̀ ko igi kún igi, 100 náà ni yóò wà. Yóò kàn máa yára gbẹ ni. Níbo wá ni ooru gbogbo igi yẹn ń lọ? Inú èéfín omi ni. Èéfín omi ni ó ń gbé e lọ.

Ooru tí ó ń sọ lítà 1 omi tí ń hó di èéfín pọ̀ ju ìlọ́po 7 ooru tí ó gbé omi náà láti 30 dé 100. Ẹ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dúró lé.

Ooru náà kò sì parun. Bí èéfín omi bá kan ohun tútù, yóò padà di omi. Nígbà tí ó bá ń padà di omi, yóò fún ohun tútù náà ní gbogbo ooru tí ó gbé lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí èéfín ẹnu ìkòkò fi ń jó ọwọ́ ju omi gbígbóná lọ. Awọ ara wa ni ohun tútù tí ó kàn. Ẹ máa ṣọ́ àwọn ọmọdé nítorí rẹ̀.

2. BÁWO NI OORU ṢE Ń DÉ INÚ ÀGBÁ OMI?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ibi sódàbì.

Ẹmu tí ó ti kan dáadáa ní nǹkan méjì nínú: omi púpọ̀ àti ọtí díẹ̀. Omi ń hó ní 100. Ọtí gan-an ń hó ní nǹkan bí 78. Nítorí náà, bí a bá ń dáná sí ẹmu, ọtí ń yára di èéfín ju omi lọ. Èéfín tí ó kọ́kọ́ ń jáde ní ọtí nínú púpọ̀. Bí ó bá ṣe ń pẹ́, ọtí inú rẹ̀ ń dín kù, omi inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí sódàbì tí ó kọ́kọ́ sọ̀ fi le, tí ti ìkẹyìn fi rọ̀.

Èéfín ọtí ń gba inú páìpù kọjá. Páìpù ń gba inú àgbá omi tútù kọjá. Èéfín ń fún omi náà ní ooru rẹ̀, ó sì ń di sódàbì. Sódàbì ń sọ̀ sínú ìgò tàbí kẹ̀ǹgbẹ̀. Omi inú àgbá ń gbóná.

Ẹ wo ìrìn àjò ooru náà:

Igi fún àgbá ẹmu ní ooru.
Ẹmu gbé e fún èéfín ọtí.
Èéfín ọtí gbé e fún omi tútù.
Àwa gbé omi náà, a dà á sínú koríko.

Lẹ́yìn èyí, a tún da ẹmu tútù mìíràn sínú àgbá. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í ko igi. Ó dà bí ẹni tí ó gba owó iṣẹ́ ní àárọ̀, tí ó sọ ọ́ nù ní ọ̀sán, tí ó wá lọ yá owó ní alẹ́.

3. KÍ NI ÀWỌN ILÉ IṢẸ́ ŃLÁ Ń ṢE?

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń sè nǹkan láti gba èéfín rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti mú ọtí kúrò nínú omi, láti ya oríṣi epo mọ́tò sọ́tọ̀, àti láti ṣe oògùn. Owó iná wọn pọ̀ gan-an. Nítorí náà, wọ́n wá ọ̀nà láti mú ooru padà.

Ẹnìkan lè béèrè pé: omi inú àgbá ti gbóná dé 60. Ṣé a kò lè fi ooru rẹ̀ mú ẹmu hó? A kò lè ṣe é. Ẹmu ń hó ní ibi tí ó lé ní 90. Ooru dà bí omi òjò. Omi òjò ń ṣàn láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Kì í fúnra rẹ̀ gun òkè. Ooru náà ń ti ibi gbígbóná lọ sí ibi tí kò gbóná tó o. Ooru 60 kò lè fúnra rẹ̀ wọ inú ohun tí ó ti wà ní 90.

Bí a bá fẹ́ kí omi kànga gun òkè, kí ni a ń lò? Pọ́ńpù ni. Ooru náà ní pọ́ńpù tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní pọ́ńpù ooru.

Báwo ni pọ́ńpù ooru ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ mú pọ́ńpù tí a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Ẹ fẹ́ táyà kan títí yóò fi le. Ẹ fi ọwọ́ kan ìdí pọ́ńpù náà. Ó gbóná! Ẹ kò fi iná sí i. Fífún tí ẹ fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú pọ́ńpù ni ó mú un gbóná. Bí a bá fi agbára fún afẹ́fẹ́ tàbí èéfín pọ̀, yóò gbóná sí i.

Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í jẹ́ kí èéfín lọ fún omi tútù ní ooru rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí ń gba èéfín náà, tí ń fún un pọ̀. Èéfín náà yóò wá gbóná ju ohun tí ń hó nínú àgbá lọ. Nígbà náà wọn yóò dá a padà, yóò gba inú páìpù kọjá nínú àgbá kan náà. Yóò fún àgbá ní ooru rẹ̀, yóò sì di omi níbẹ̀. Ooru kan náà ni ó ń lọ, tí ó ń bọ̀. Iná tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò ní láti máa jó bẹ́ẹ̀ títí. Ohun tí a ń san owó rẹ̀ ni agbára tí ń yí ẹ̀rọ náà.

Kì í ṣe ohun tuntun. Láàárín ọdún 1855 sí 1857, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Peter von Rittinger ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Ebensee, ní ilẹ̀ Austria. Iyọ̀ ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Wọ́n ń gbé omi iyọ̀ ka iná títí omi yóò fi gbẹ, tí iyọ̀ yóò fi kù. Àwọn ìyá tí ń sè iyọ̀ ní Djègbadji, nítòsí Ouidah, mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Wọ́n mọ bí ó ṣe ń jẹ igi tó. Rittinger fi agbára omi yí ẹ̀rọ tí ń fún èéfín omi iyọ̀ pọ̀, ó sì dá ooru rẹ̀ padà sínú omi iyọ̀. Ní ọdún 1877, wọ́n tún gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní ibi iyọ̀ tí ó wà ní Bex, ní ilẹ̀ Switzerland. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń gbẹ omi inú wàrà kí wọ́n tó sọ ọ́ di lúbúlúbú ń lo irú rẹ̀. Àwọn kan tí ń sè ọtí ń lò ó pẹ̀lú.

Pọ́ńpù ooru mìíràn wà tí ẹ ti rí. Firíjì ni. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn firíjì tí ń ṣiṣẹ́. Ó gbóná. Ooru tí ó kó kúrò lára ẹja àti omi inú rẹ̀ ni ó ń tú dà sí ẹ̀yìn.

Èrè wo ni ó wà nínú pọ́ńpù ooru? Bí a bá fi iná mànàmáná tí ó tó òṣùwọ̀n 1 yí i, ó lè gbé ooru tí ó tó òṣùwọ̀n 3 tàbí 4 lọ sí ibi tí a fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí kànga. Bí kànga kò bá jìn, fífa omi kò le. Bí ó bá jìn, ó le. Pọ́ńpù ooru náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ibi tí ooru wà kò bá jìnnà sí ibi tí a ń gbé e lọ, èrè pọ̀. Láti 78 dé 100 kò jìnnà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ yìí fi lè bá iṣẹ́ sísè ọtí mu. Níbi tí ó bá ti jìnnà púpọ̀, agbára tí yóò jẹ yóò pọ̀ jù èrè lọ.

4. KÍ NI ÀWA LÈ ṢE NÍ ABÚLÉ?

A kò sọ pé kí ẹ lọ ra ẹ̀rọ. Ó wọ́n. Ó ń fẹ́ iná mànàmáná ní gbogbo ìgbà. Ó sì ń fẹ́ àgbá tí ó lágbára gan-an. Ẹ má ṣe dí àgbá tàbí páìpù yín láti fún èéfín pọ̀. Àgbá yóò bẹ́, yóò sì pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà tí kò fẹ́ ẹ̀rọ. Ní agbègbè Cognac ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń sè ọtí èso àjàrà, ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Kí páìpù èéfín tó dé inú omi tútù, ó ń kọ́kọ́ gba inú ìkòkò ńlá kan kọjá. Ọtí àjàrà tí wọn yóò sè tẹ̀ lé èyí ni ó wà nínú ìkòkò náà. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ ń hó, èkejì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ooru tí ì bá lọ sínú omi ń lọ sínú ọtí.

Kí ni èrè rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká sọ pé ẹmu tútù wà ní 30, ó sì ń hó ní 90. Ọ̀nà tí yóò rìn jẹ́ 60. Bí ó bá ti dé 50 kí a tó dà á sínú àgbá orí iná, ó ti rìn 20. Ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà náà ni. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ igi 6 ni ẹ ń jó kí ẹmu tó hó, 2 nínú rẹ̀ yóò ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ẹ má ṣi èyí gbọ́ o. Igi tí ń mú ẹmu hó nìkan ni a ń sọ. Igi tí ń sọ ọ́ di èéfín kò dín kù. Ṣùgbọ́n àsè kan pẹ̀lú òmíràn, oṣù kan pẹ̀lú òmíràn, igi náà yóò di ìdì. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Omi tí ẹ ń pọn yóò dín kù pẹ̀lú, nítorí ẹmu ti gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ omi ṣe.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

Èkíní. Ẹ wá àgbá mẹ́ta. Àgbá 1 wà lórí iná. Àgbá 2 ni ẹmu tí ó kàn yóò wà. Àgbá 3 ni omi tútù yóò wà. Ẹ tò wọ́n ní ìlà.

Èkejì. Páìpù yóò ti orí àgbá 1 jáde, yóò gba inú àgbá 2 kọjá, lẹ́yìn náà yóò gba inú àgbá 3 kọjá. Páìpù bàbà tí ó mọ́ ni ó dára.

Ẹ̀kẹta. Láti ibi tí páìpù ti wọ àgbá 2, ó gbọ́dọ̀ máa dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu rẹ̀. Bí ibì kan bá tẹ̀ kòtò, sódàbì yóò dúró níbẹ̀, yóò sì dí ọ̀nà èéfín.

Ẹ̀kẹrin. Ẹmu tí ó ti kan tán ni kí ẹ dà sí àgbá 2. Bí ẹmu bá ṣì ń hó fúnra rẹ̀, ooru yóò pa ohun tí ń mú un kan. Ọtí inú rẹ̀ kò ní pọ̀ mọ́.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹ bo àgbá 2, ṣùgbọ́n ẹ má dí i pa. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ọtí yóò fò lọ. Bí ẹ bá dí i pa, kò ní rí ibi mí.

Ẹ̀kẹfà. Ẹ máa fi ọwọ́ kan ara àgbá 2. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lára rẹ̀ mọ́, ó ti tó. Bí ó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọtí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò nínú ẹmu. Ẹ bu ẹmu tútù díẹ̀ sí i.

Èkeje. Nígbà tí àgbá 1 bá ṣe tán, ẹ kọ́kọ́ fa iná jáde kúrò nínú ààrò. Ẹ jẹ́ kí àgbá náà sinmi. Ẹ da àṣẹ́kù rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ó gbóná gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ da ẹmu lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú rẹ̀. Ẹ da ẹmu tútù sí àgbá 2. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ti rí i pé ọgbọ́n yìí ń fẹ́ kí a sè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọjọ́ kan. Bí ẹmu yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ bá àwọn aládùúgbò sọ ọ́. Ẹ sè ní ọjọ́ kan náà, sórí ààrò kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹni tí ó sè kẹ́yìn yóò jẹ nínú ooru ẹni tí ó sè ṣáájú. Ẹ máa pààrọ̀ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sè, kí ẹnikẹ́ni má ba à rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Omi àgbá 3 ńkọ́? Omi gbígbóná ń lọ sókè, omi tútù ń wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa bu ti òkè lò. Ẹ fi fọ igbá àti kẹ̀ǹgbẹ̀ ẹmu. Ẹ fi wẹ̀. Ẹ gbé e ka iná fún ọbẹ̀ tàbí ọkà, bí àgbá náà bá mọ́, yóò yára hó. Bí ẹ bá sì ń da omi tútù sí i, ẹ wá ọ̀nà kí ó máa wọlé láti ìsàlẹ̀. Sódàbì yóò sọ̀ dáadáa.

5. ÀWỌN OHUN MÌÍRÀN TÍ Ń DÍN IGI KÙ

Lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, nínú ooru 10 tí igi ń mú jáde, bí 1 tàbí 2 ni ó ń wọ inú ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ń gbé èyí tí ó kù lọ.

Ẹ fi amọ̀ mọ ògiri yí àgbá ká, kí iná má tú síta. Ẹ fi ẹnu kan sílẹ̀ fún igi. Ẹ fi ihò kan sílẹ̀ ní ẹ̀yìn fún èéfín iná. Irú àdògán báyìí ń fi igi pamọ́, kì í sì jẹ́ kí èéfín kọlu ojú àti ẹ̀dọ̀fóró yín. Ìyá tí ń fa èéfín iná símú lójoojúmọ́ ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ bí ẹni tí ń mu sìgá. Ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn ń fa á símú pẹ̀lú.

Ẹ máa sá igi gbẹ kí ẹ tó dá a. Igi tútù ní omi nínú. Ooru yóò kọ́kọ́ gbẹ omi náà kí ó tó ṣiṣẹ́ yín. Ẹ sì ti mọ̀ báyìí bí gbígbẹ omi ṣe ń jẹ ooru tó.

Ẹ gbin igi ìdáná sí ààlà oko. Ọgbọ́n tí a fi ń dín igi kù dára, ṣùgbọ́n kò lè hù igi.

6. Ẹ ṢỌ́RA

Ẹ má lo àgbá tí a ti fi oògùn apakòkòrò òwú sí rí. Bí ẹ fọ̀ ọ́ nígbà méje, oògùn lè kù lára rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òjé jó páìpù yín pọ̀. Òjé ń wọ inú ọtí, ó sì ń ba ọpọlọ àti iwe ara jẹ́. Ẹ má lo ohun tí wọ́n yọ lára mọ́tò.

Èéfín ọtí ń gba iná. Ẹ gbé ìgò sódàbì jìnnà sí ààrò. Ẹ má gbé fìtílà sún mọ́ ọn.

Bí èéfín bá jó ènìyàn, ẹ da omi tútù tí ó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi epo tàbí ìgbẹ́ ẹran sí i. Bí ó bá fẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

ÌPARÍ

Ìyá inú ìtàn wa lọ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjì. Wọ́n da owó jọ, wọ́n ra páìpù, wọ́n sì mọ àdògán kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sè pọ̀, igi ṣẹ́kù ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ìyá náà fẹ́ kó o dànù sí ẹ̀gbẹ́. Ìyá náà ní:

«Fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ti ọ̀la nìyẹn.»

Ẹ RÁNTÍ

Ooru kì í parun. Ó ń kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn.
Èéfín ń gbé ooru púpọ̀ lọ.
Ilé iṣẹ́ ńlá ń fi pọ́ńpù ooru dá a padà.
Àwa lè fi í mú ẹmu tí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́.
A kì í dí àgbá pa láéláé.

ÌBÉÈRÈ

1. Èwo ni ó ń jẹ igi jù: láti mú omi hó, tàbí láti sọ ọ́ di èéfín?
2. Kí ni ó ń mú omi àgbá gbóná nígbà tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀?
3. Kí ni ẹ rí nígbà tí ẹ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, tí ẹ sì fi ọwọ́ kan ìdí pọ́ńpù?
4. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ da ẹmu tí kò tíì kan tán sí àgbá 2?
5. Ẹmu wà ní 30. Ó ń hó ní 90. Bí a bá mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé 45, ìdá mélòó nínú ọ̀nà ni ó ti rìn?
6. Ẹ kà á ní ilé yín: igi mélòó ni ẹ ń jó ní àsè kan? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún kọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ àdògán.